Ta Ni Ọ̀gá, Ta Ni Òṣìṣẹ́? Ẹ̀kọ́ Lára Ẹgbẹ́ Àwọn Èbúté Ìpínlẹ̀ Washington

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kò dá lórí bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀yáwó tàbí bí a ṣe ń ṣírò èlé. Àwọn tí à ń sanwó fún kí wọ́n máa bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ ni ó dá lé lórí. Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé wa tó kọjá ló gbọ́ ìbéèrè tó jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ: "Owó tí à ń dá fún Yúníọ̀nù lọ́dọọdún yìí, àwọn wo ló ń ná an, kí sì ni wọ́n ń fi ṣe fún wa?" Ilé pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a kò rí àyè dáhùn rẹ̀ bó ti yẹ, àmọ́ àbá ti wọlé pé kí a dá owó náà dúró. Ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ la ó ti dìbò sí i.

Kí a tó dìbò, mo rò pé ó dára kí a fi ọ̀rọ̀ náà wé ti ẹgbẹ́ mìíràn tí inú kò ti ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó bá ń wo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sábà ríran dáadáa. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi kọ̀ntéénà kó ọjà wọlé, kò sì sí oníṣòwò tí kò mọ ohun tí Àpápá jẹ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ àwọn èbúté ni mo yàn. Kì í ṣe èbúté tiwa, ti ìpínlẹ̀ Washington ni, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà létí òkun Pàsífíìkì, níbi tí ìlú Seattle wà. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún ìlú Washington tí Ààrẹ wọn ń gbé o. Ìyẹn wà ní ìlà oòrùn, ọkọ̀ òfurufú á sì fò ju wákàtí márùn-ún lọ kí ó tó ti ọ̀kan dé èkejì.

Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú ló ni èbúté wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba àpapọ̀ ló ni èbúté. Nigerian Ports Authority ló ti ń bójú tó wọn láti 1955, láti 2006 sì ni wọ́n ti fi ibi ìjáẹrù lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ Àpápá tò láti dìbò yan ọ̀gá èbúté. Ní Washington, bẹ́ẹ̀ kọ́. Láyé àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè àti àwọn olówó díẹ̀ ló gba etí omi Seattle mọ́wọ́. Iye tí wọ́n bá dá lé ẹrù ni àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré gbọ́dọ̀ san, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbà. Nígbà tí ó tó gẹ́ẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ní 1911 pé àwọn ará agbègbè kan lè dìbò kí wọ́n sì dá èbúté tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù September ọdún náà gan-an ni àwọn ará Seattle dìbò tiwọn. Tacoma tẹ̀ lé e ní 1918. Lónìí, irú èbúté bẹ́ẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 75.

Àwọn kọmíṣọ́nà ló ń darí èbúté kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ni níbi púpọ̀, márùn-ún ni níbòmíràn. Kì í ṣe irú kọmíṣọ́nà tí gómìnà ń yàn lọ́dọ̀ wa o. Àwọn ará àdúgbò ló ń dìbò yàn wọ́n, fún ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Òfin sì fún èbúté láṣẹ láti gba owó orí lórí ilé àti ilẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ gbogbogbòò, kò sì gbọdọ̀ kọjá sẹ́ńtì 45 lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ohun ìní náà tó. Nítorí náà, ìyá arúgbó tó ní ilé kékeré kan níbẹ̀, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, owó rẹ̀ wà nínú èbúté. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sí ẹni tó lè lọ yọ ìpín rẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í pín èrè lópin ọdún.

Ẹ má rò pé gbogbo èbúté 75 náà ló dà bí Àpápá. Àwọn kan wà ní ilẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà. Etí odò Snake àti odò Columbia ni wọ́n wà, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ń gbé ọkà lọ sí etíkun ló ń wá síbẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí ọkọ̀ ẹrù rí. Ibi tí apẹja ń so ọkọ̀ mọ́, tàbí pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré, tàbí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń háyà ni iṣẹ́ tiwọn. Èbúté Seattle ló ni pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá tí wọ́n ń pè ní Sea-Tac. Ṣùgbọ́n èbúté mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹni kan tàbí méjì lọ.

Báwo ni ẹni ńlá àti ẹni kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan? Ní 1961, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún àwọn kọmíṣọ́nà èbúté láṣẹ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òfin ní kí àwọn èbúté máa mú ètò iṣẹ́ wọn bá ara mu, kí wọ́n sì máa jíṣẹ́ fún gómìnà àti àwọn aṣòfin ní ọdún méjì méjì. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Washington Public Ports Association ni òfin dárúkọ pé wọ́n lè fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Olympia, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, nítòsí ilé aṣòfin.

Ibí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀. Wọn kò pọ̀. Olùdarí àgbà kan wà, àwọn tó mọ òfin àyíká àti ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wà, ẹni tó ń mójú tó owó wà, ẹni tó ń ṣètò ìpàdé náà wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kíyè sí ni ohun tí wọn kò ní. Wọn kò ní kéréènì kan ṣoṣo. Wọn kò ní ọkọ̀, wọn kò ní ibi ìjáẹrù tó fẹ̀ tó ẹní ìjókòó. Wọn kò lè lé òṣìṣẹ́ èbúté kankan, wọn kò sì lè dá iye lé ẹrù ẹnikẹ́ni. Bí olùdarí àgbà ẹgbẹ́ náà bá lọ sí èbúté tó kéré jù, tí ó ní kí wọ́n sún àpótí kan kúrò níbì kan, wọ́n lè ní kí ó jókòó, kí ó mu kọfí. Àpótí kò ní kúrò.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Iṣẹ́ tó gba wàhálà jù wà ní ilé aṣòfin. Ní ọjọ́ Ajé kejì oṣù January lọ́dọọdún ni ìjókòó àwọn aṣòfin ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 105 ni wọ́n ń lò ní ọdún tí iye rẹ̀ jẹ́ àìdọ́gba, bíi 2023 tàbí 2025, ọjọ́ 60 péré sì ni ní ọdún tó dọ́gba. Láàárín ọjọ́ kéékèèké wọ̀nyí, àbá òfin ń wọlé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àbá lè di èbúté lọ́wọ́, nítorí pé òfin ló bí èbúté, ohun tí òfin bá sì yọ̀ǹda nìkan ló lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tí oníṣòwò yóò mọ̀ hàn. Àwọn èbúté ìgbèríko kan fẹ́ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ní ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò fẹ́ dé, nítorí èrò kò pọ̀ níbẹ̀. Ní 2000, òfin gbà wọ́n láyè, àmọ́ ó ní kìkì títà lódindi fún àwọn alátùntà ni wọ́n lè ṣe. Wọn kò gbọdọ̀ tà á ní wẹ́wẹ́ fún ẹni tó fẹ́ lò ó nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àpò ìrẹsì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí alátùntà kò bá wá, ọjà á wà nílẹ̀, ẹni tí ebi ń pa á sì máa wò ó láti òdìkejì títì. Ó di 2021 kí òfin tó yí padà, tí wọ́n fi lè tà fún onílé fúnra rẹ̀. Ogún ọdún ó lé kan! Èbúté tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni méjì, ta ni nínú wọn tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ogún ọdún láti máa ṣọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní Olympia? Èmi kò rí i. Irú ìṣọ́ yìí gan-an ni à ń fi òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ṣe.

Wọ́n tún ń kọ́ni. Ẹni tí wọ́n dìbò yàn sípò kọmíṣọ́nà lè jẹ́ àgbẹ̀, ó lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lè má mọ̀ pé láti 1971 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti ní kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa wáyé ní gbangba. Bí àwọn kọmíṣọ́nà mẹ́ta bá jẹ́ gbogbo ìgbìmọ̀, tí méjì pàdé ní ilé oúnjẹ tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ èbúté, wọ́n lè ti rú òfin láìmọ̀, nítorí pé àwọn ló pọ̀ jù nínú mẹ́ta. Ó lè má mọ̀ pé láti ìgbà ìbò 1972 ni ará ìlú ti lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé tó wà ní ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ti àwọn èbúté kéékèèké lọ́tọ̀. Ìpàdé ńlá tiwọn tún wà, ọ̀kan nígbà ìrúwé, ọ̀kan nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ẹ má fi ètò ìpàdé ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó ní òṣìṣẹ́ méjì ti ń bi ẹni tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún léèrè pé, "Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ tiyín?"

Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni dídákẹ́ tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dákẹ́. Seattle àti Tacoma kò jìnnà síra wọn, kò tó láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ lọ títí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi ń du ọkọ̀ kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá dín owó, èkejì á tún dín tiẹ̀, oníọkọ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Ní 2015 ni wọ́n tó pa iṣẹ́ kọ̀ntéénà wọn pọ̀ sábẹ́ Northwest Seaport Alliance. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ jọ ń sanwó fún. Bí ó bá gbọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ọ̀kan, kò gbọdọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí àbá òfin kan, kò lè dédé lọ sí ilé aṣòfin kó máa sọ pé báyìí làwọn èbúté wí. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ sọ ibi tí wọ́n wà. Àwa tí a ní aláṣọ méjìlá nínú ẹgbẹ́ kan, tí ìsọ̀ wọn dojú kọra, ó yẹ kí a mọ iyì irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ó kù síbi owó, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè wa wà. Òfin kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti máa bu owó bó ti wù ú. Ó gba èbúté láyè láti san owó ẹgbẹ́, àmọ́ iye tí èbúté kan lè san lọ́dún kò gbọdọ̀ kọjá iye tí sẹ́ńtì kan lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là ohun ìní agbègbè rẹ̀ yóò mú wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé àti ilẹ̀ agbègbè kan tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Sẹ́ńtì 45 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn $450,000, ni gbèdéke owó orí tí èbúté náà lè gbà. Sẹ́ńtì kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn $10,000, ni gbèdéke ohun tó lè san fún ẹgbẹ́, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ dùn tó létí. Òfin kan náà tún ní kí ìwé owó ẹgbẹ́ náà wà fún ọ́dítọ̀ ìpínlẹ̀ láti yẹ̀ wò. Kì í ṣe ọ́dítọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn mú wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ o.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ọ̀run ni ibẹ̀. Ewu kan wà tí gbèdéke owó kò lè dí. Kọmíṣọ́nà á wá, á lọ. Òṣìṣẹ́ lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Ẹni tó pẹ́ nídìí ìwé ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè, ìránṣẹ́ á di ọ̀gá, nítorí pé àwọn tó ni ẹgbẹ́ kò kàwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, n kò ní dárúkọ wọn, tí akọ̀wé tí wọ́n ń san owó oṣù fún nìkan ló mọ ibi tí káàdì ẹ̀yáwó wà. Ó lọ sí ìsìnkú nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò fi rí kọ́bọ̀ yá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá ń bú akọ̀wé. Lójú tèmi, kọmití tí kò béèrè ibi tí káàdì wà láti ọdún mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n bá wí.

Àìní òṣìṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Ẹ rántí ìwé owó ìsọ̀ tuntun tó jáde nígbà kan, tí a kò gbọ́ nǹkankan nípa rẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n fi wá ti ìlà ìsọ̀ mẹ́rin pa. Ìwé náà ti wà lójú pátákó fún ogójì ọjọ́. Gbogbo wa la wà lọ́jà, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ wo pátákó.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí, kí ó mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́bàá wa. Port Management Association of West and Central Africa ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, Èkó sì ni ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà. Èbúté orílẹ̀-èdè láti Mauritania títí dé Angola ló wà fún, tó fi mọ́ Kùtọnu àti Lomé, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé àgbà tiwọn náà kò lè pàṣẹ fún Kùtọnu kí ó fi owó kún owó ẹrù nítorí Àpápá ń ké. Ó lè pè wọ́n jókòó, ó lè kó ìṣirò síwájú wọn. Ìyàtọ̀ ni pé ìjọba ló ni púpọ̀ nínú àwọn èbúté tó ń sanwó fún un, nítorí náà, èmi àti ẹ̀yin kò lè dìde ní ìpàdé wọn béèrè ohunkóhun. Ní ti Yúníọ̀nù wa, a lè dìde.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè fi ìbò yín yí i dànù. N kò fara mọ́ ọn pé kí a dá owó dúró lọ́dún yìí. Àmọ́ n kò fara mọ́ ọn pé kí a san án kí a sì padà sùn. Kí a kọ̀wé sí wọn kí ìpàdé tó pé. Kí wọ́n sọ fún wa iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní àti iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún tó kọjá fún ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kò tó igba bíi tiwa. Kí wọ́n sọ ẹni tó yan ọ́dítọ̀ wọn. Kí ìpàdé wọn náà sì fi gbèdéke lé owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa san, nítorí lọ́wọ́lọ́wọ́, lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ iye rẹ̀ fún wa. Bí ìdáhùn kò bá dé, ìbò ti wà lọ́wọ́ wa.

Fún àwọn ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ jíròrò lórí bóyá ó tọ́ kí ẹgbẹ́ tó ń san owó púpọ̀ jù ní ohùn tó ju ti ẹgbẹ́ kékeré lọ ní Yúníọ̀nù. Ẹ tún wò ó, ta ni nínú wa tó lè lọ sí ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ó sì padà wá ròyìn? Ẹni tó bá gbà láti lọ, owó ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó.

Ìròyìn owó Yúníọ̀nù ti ọdún tó kọjá dé sí ọ́fíìsì wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ojú ewé 14 ni. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kí ó yà ní ọjọ́ Sátidé, láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Ẹni tí kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wá bákan náà, a ó jọ kà á.